Obìnrin tó pẹ́ nílé aṣòfin: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Benin wà, kò sí ní Kútọnu. Síbẹ̀, àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sábà mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀, pàápàá nípa àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀: báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀, kí ló dé tí àwọn kan fi ń pẹ́, tí àwọn mìíràn lo sáà kan péré tí a ò sì gbúròó wọn mọ́. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí, ní ìpàdé àwọn ìyá ọjà, nílé ìgbéyàwó, nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ ìlú. Ibi tí mo bá ti ní èrò tèmi, mo sọ pé èrò tèmi ni.

Ṣé Benin náà ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, bíi ti Ògùn tàbí Ọ̀yọ́?

Rárá. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìdìrókò, ní Ṣakí, ló ń jẹ́ kí ìbéèrè yìí pọ̀. Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ 36, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Benin kò ní ìpínlẹ̀. Ẹkùn 12 ló ní, wọ́n sì pín ẹkùn wọ̀nyẹn sí kọ́múùnù 77. Plateau ni Kétu wà, Ouémé ni Àjàṣẹ́ wà, Collines ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ṣe òfin. Ilé aṣòfin kan ṣoṣo ni a mọ̀ láti ìgbà tí ìjọba òṣèlú ti padà dé ní 1991. Ó wà nínú ààfin àtijọ́ àwọn gómìnà Faransé ní Àjàṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n tún ìwé òfin ìlú ṣe, tí wọ́n ní kí ilé àwọn àgbà, Sénà, wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí a bá pè ní dépíté níbí, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣòfin fún. Ìwé òfin tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé aṣojú gbogbo orílẹ̀-èdè ni, kì í ṣe aṣojú ìlú tó dìbò fún un nìkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà bá a níbi ọ̀rọ̀ omi.

Nínú àwọn obìnrin, ta ni àgbà wọn nílé aṣòfin wa?

Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gbọ́njú ní àkókò Ṣóglò, orúkọ kan ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu: Rosine Vieyra Soglo. Ouidah ni wọ́n ti bí i ní 1934, nínú ìdílé Vieyra, ọ̀kan lára àwọn ìdílé tó ti Bràsílì padà wá sí etíkun wa. Ó kàwé òfin. Ó fẹ́ Nicéphore Soglo. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ di ààrẹ ní 1991, ó di ìyàwó ààrẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ààrẹ máa ń dúró sí nìyẹn, kí wọ́n máa gbé àpò ìrẹsì fún àwọn aláìní, kí wọ́n máa gé rìbọ́ọ̀nù. Òun kò dúró síbẹ̀. Ní 1992 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Renaissance du Bénin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní RB.

Ọkọ rẹ̀ pàdánù ìdìbò ní 1996, Kérékou, tó jẹ́ ààrẹ ṣáájú rẹ̀, padà dé. Ẹni tó rò pé ìyá náà yóò ká aṣọ rẹ̀ lọ sílé ṣe àṣìṣe. Ní ìdìbò ọdún 1999, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó 27 nínú 83, láìsí ààrẹ kankan lẹ́yìn wọn. Òun fúnra rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ sáà nílé aṣòfin. Kò sì fi ahọ́n rẹ̀ pamọ́: ẹni tó bá bínú sí i, ó mọ ìdí tó fi bínú.

Ní 2015, ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, òun ló dàgbà jù nínú ilé. Àṣà ilé aṣòfin wa ni pé lọ́jọ́ tí ilé tuntun bá kọ́kọ́ jókòó, ẹni tó dàgbà jù ni yóò darí, àwọn méjì tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni yóò máa ṣe akọ̀wé fún un, títí wọn yóò fi yan olórí. Ọdún náà ni ìdìbò olórí ilé le jù: Adrien Houngbédji ní 42, Komi Koutché ní 41. Ẹ fojú inú wò ó: ìbò kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ìyá arúgbó kan ló sì wà lórí àga, tó ń darí àwọn ọkùnrin tí kò fẹ́ràn ara wọn. Ó kú ní Kútọnu ní oṣù keje ọdún 2021.

Kí ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé torí pé ìyàwó ààrẹ ni?

Orúkọ ọkọ ṣí ilẹ̀kùn fún un, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ààrẹ pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, mélòó ni wọ́n tún gbúròó lẹ́yìn tí ọkọ wọn kúrò lórí àlééfà?

Ìdáhùn tèmi ni pé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Benin, a kì í dìbò fún ènìyàn kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń to orúkọ sórí ìwé fún ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ náà ni a ń tẹ̀ka fún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè ná owó ju ẹni òkè lọ, kó jó ju ẹni òkè lọ ní gbogbo ìpàdé, kó sì padà sílé lásán. Àríyànjiyàn gidi kì í wáyé lọ́jọ́ ìdìbò. Ó ń wáyé lóṣù mélòó kan ṣáájú, nínú yàrá tí wọ́n ti ń to orúkọ, lálẹ́, ìgbà mìíràn nílé ẹnì kan tí kò sí lórí ìwé rárá.

Nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń já obìnrin sílẹ̀. Wọn kì í sọ pé "a ò fẹ́ obìnrin." Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á fi yín sí ipò kẹrin lọ́tẹ̀ yìí, lọ́jọ́ iwájú a máa gbé yín sókè." Ìyá Soglo kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé òun sókè, torí òun ló ni tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ìwé náà. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ obìnrin tó gbọ́n bíi tirẹ̀, tó sì lówó bíi tirẹ̀.

Ìjókòó 24 tí wọ́n ní ó jẹ́ ti obìnrin, báwo ló ṣe jẹ́?

Títí di ilé tó wọlé ní 2019, iye obìnrin tó ń wọlé kò tó mẹ́wàá nínú 83. Bí ilé yẹn ṣe kéré sí obìnrin tó, òun náà ló yí òfin padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, wọ́n tún ìwé òfin ìlú ṣe. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba. Wọ́n wá fi kún un pé òfin lè ṣe ètò àkànṣe kí obìnrin lè pọ̀ sí i láàárín àwọn aṣojú. Òfin ìdìbò tó tẹ̀lé e lóṣù kan náà sọ ilé di ìjókòó 109. Ẹkùn ìdìbò 24 ló wà. Ìjókòó kan nínú ẹkùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ẹkùn kọkàndínlógún ni Àjàṣẹ́ wà. Kétu àti Pọbẹ̀ jọ wà lẹ́kùn kan.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2023 ni a kọ́kọ́ lò ó. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló rí ìjókòó: UP le Renouveau gba 53, Bloc Républicain gba 28, Les Démocrates gba 28. Obìnrin tó wọlé lé ní 24, torí pé àwọn mélòó kan wọlé lórí ìjókòó tí ọkùnrin náà lè gbà. Mo gbádùn àwọn mélòó kan yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Ṣé obìnrin tó wọlé lórí ìjókòó àkànṣe kì í ṣe dépíté àfikún?

Ìbò rẹ̀ nínú ilé jẹ́ ọ̀kan, ti ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀kan. Owó oṣù wọn kò yàtọ̀. Àwọn tó ń pè é ní àfikún, ẹ bi wọ́n pé ta ló fi orúkọ ọkùnrin tiwọn sókè lórí ìwé.

Sáà mélòó ni dépíté lè lò?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Ṣáájú 2019, sáà dépíté jẹ́ ọdún mẹ́rin, kò sì ní òpin. Bí ìyá Soglo ṣe lè padà wá léraléra nìyẹn, bí àwọn ọkùnrin kan náà ṣe pẹ́ títí tí a fi rò pé wọ́n bí wọn síbẹ̀ ni. Àtúnṣe 2019 sọ sáà di ọdún márùn-ún, ó sì ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ lò ju sáà mẹ́ta lọ. Sáà ilé tó wọlé ní 2023 kò tilẹ̀ pé ọdún márùn-ún. Wọ́n gé e kúrú kí ìdìbò gbogbo lè bọ́ sí ọdún kan náà, 2026. Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe 2025 tún dé, ó sọ sáà di ọdún méje.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe pàdé ara wọn. Àtúnṣe kan náà tó ṣílẹ̀kùn fún obìnrin ló fi òpin sí iye ìgbà tí ènìyàn lè wọlé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì tì, ọkùnrin lè lo ogún ọdún nínú ilé, kó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ̀ pa òfin kan nínú kọmísọ́ọ̀nù, ìgbìmọ̀ kékeré tó ń yẹ òfin wò. Nígbà tí ó wá kan obìnrin, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn má ṣe pẹ́ jù.

N kò sọ pé ẹnì kan jókòó, ó pète rẹ̀ báyìí. Òpin sáà ní ìwúlò tirẹ̀; àwọn kan wà nílé yẹn tí a ò lè fi àánú sọ pé kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣòfin kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń mọ̀ lọ́dún kan. Ọdún méjì àkọ́kọ́ máa ń lọ sí kíkọ́ ìlànà ilé. Obìnrin tó bá wọlé pẹ̀lú sáà kan, tí ẹgbẹ́ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé nígbà kejì, kò tíì ṣiṣẹ́ tó fi lọ.

Ṣé ó wà níbìkan tí obìnrin ti lo àádọ́ta ọdún nílé aṣòfin?

Ó wà. Ní Texas, ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Senfronia Thompson. Wọ́n bí i ní 1939. Olùkọ́ ilé ìwé ni. Ó wọlé sí ilé aṣojú ìpínlẹ̀ náà ní oṣù kìíní ọdún 1973, láti Houston. Nígbà yẹn, Dahomey ni wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè wa. Òun ni obìnrin tó pẹ́ jù nínú ìtàn ilé aṣòfin Texas. Ibi tó ti ń ṣòfin ló ti padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin, ó sì gboyè.

Ní Texas, gbogbo ọdún méjì ni aṣojú ń padà lọ tọrọ ìbò, òfin kò sì sọ pé ìgbà báyìí ló gbọdọ̀ dúró. Owó oṣù wọn jẹ́ 600 dọ́là, tíí ṣe 7,200 dọ́là lọ́dún, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé nígbà ìjókòó. Ìjókòó àtìgbàdégbà wọn kì í ju 140 ọjọ́ lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ẹ̀yin tó rò pé gbogbo aṣòfin Amẹ́ríkà ló ń lówó bíi òkun, ẹ rí i.

Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa rẹ̀ kí ẹ lè rí ohun tí pípẹ́ ń ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ní ìlú Jasper, àwọn ọkùnrin funfun mẹ́ta fi ẹ̀wọ̀n de ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ James Byrd mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì fà á títí ó fi kú. Thompson gbé òfin kalẹ̀ lórí ìwà ọ̀daràn tí a fi ìkórìíra ṣe. Ní 1999 ilé tirẹ̀ gbà á, ó kú sí Sẹ́nétì. Tó bá jẹ́ sáà kan péré ló ní, ìtàn náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀. Ní 2001 ó tún gbé e padà, pẹ̀lú orúkọ James Byrd lórí rẹ̀, ó sì di òfin.

Ìṣàkóso Texas kò jọ tiwa, n kò sì ní kí a ṣe bíi wọn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ọdún méjì tó wà láàárín 1999 àti 2001.

Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ńkọ́?

Wọn ò ní ìjókòó àkànṣe. Ìgbìyànjú kan láti fi í sínú ìwé òfin wọn wó ní Abuja ní oṣù kẹta ọdún 2022, títí dòní sì ni àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan wà tí kò ní obìnrin kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n níbi olórí ilé, wọ́n ti gba iwájú wa. Margaret Icheen ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ní Benue, 1999. Nílẹ̀ Yorùbá, Jumoke Akindele jẹ ẹ́ ní Oǹdó ní 2014, Olubunmi Adelugba jẹ ẹ́ ní Èkìtì ní 2022. Ti Èkó ló sún mọ́ etí wa jù: Mojisola Meranda gorí àga ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2025, kò sì tó oṣù méjì tó fi sọ̀kalẹ̀ fún ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ní tiwa, obìnrin ti jẹ olórí ilé rí?

Kò tíì sí. Kétu ti fún wa ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni: Antoine Kolawolé Idji, láti 2003 dé 2007. Obìnrin tó sún mọ́ ọn ni Mariam Chabi Talata, tó jẹ́ igbákejì olórí ilé lẹ́yìn ìdìbò 2019, kó tó di igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè ní 2021, obìnrin àkọ́kọ́ nípò náà. Nílé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ìlú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: obìnrin méjì ló jẹ olórí rẹ̀ tẹ̀léra, Elisabeth Pognon àti Conceptia Ouinsou, láti 1993 títí dé 2008. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni tíì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi rọrùn níbẹ̀ tó sì ṣòro nílé kejì. Tèmi ni pé adájọ́ kì í to orúkọ sórí ìwé ẹgbẹ́.

A dìbò fún un, kàǹga dà? Ọ̀nà dà?

Mo wà ní ìpàdé kan ní Kétu tí dépíté obìnrin kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dìbò fún un. Ìlù wà, òtútù-mínírà wà, àwọn ọ̀dọ́ wọ fàníìlà ẹgbẹ́. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà dìde. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó tú kókó tó ta sí etí ìró rẹ̀, ó kó owó ẹyọ inú rẹ̀ sí ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì yọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Àwòrán dépíté náà ló wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n pín nígbà ìpolongo, epo ti rin ín títí ojú ènìyàn fi pọ́n nínú rẹ̀. Ó nà án sókè. Ó ní, "Ìwọ rèé. Ìwọ ni mo tẹ̀ka fún. Omi dà?"

Dépíté náà kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́. Mo máa bá wọn sọ ọ́." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá náà ká ìwé rẹ̀ padà, ó so ó mọ́ ìró.

Òtítọ́ tí dépíté náà kò sọ ni pé òun kò ní owó omi lọ́wọ́. Mẹ́rì, olórí kọ́múùnù, àti ìjọba ló ń ṣe kàǹga. Ìwé òfin tilẹ̀ dí i lọ́wọ́: dépíté kò lè dábàá òfin tí yóò fi kún ìnáwó ìjọba àyàfi tó bá fi ibi tí owó náà yóò ti wá hàn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ohun tó lè ṣe ni pé nígbà tí ètò ìnáwó ọdún bá dé iwájú wọn lóṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ọdún, kó jókòó sí kọmísọ́ọ̀nù ìnáwó, kó wo ìlà tó kan Plateau, kó bi mínísítà pé kí ló dé tí owó èṣí kò fi jáde. Ó lè fi ìwé béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Ó lè kọ̀ láti dìbò fún un. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sì sí fàníìlà, ìdí nìyẹn tí a kì í fi mọ̀ bóyá ó ṣe é.

Àwọn tó ń pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi owó ara wọn gbẹ́ kàǹga kan tàbí méjì. Ó ń mú ìbò wá. Ó tún ń kọ́ wa láti máa béèrè ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn, ọkùnrin olówó ló sì ń jẹ àǹfààní ìyẹn ju obìnrin tó mọ ìwé ìnáwó kà lọ.

Kọmísọ́ọ̀nù mélòó ló wà? Ibo ni wọ́n ń fi obìnrin sí?

Márùn-ún: òfin, ìnáwó, ètò ìdàgbàsókè, ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ àwùjọ, ọ̀rọ̀ òkèèrè àti ààbò. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa ti obìnrin sí ti ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́, kó bá wọn du ti òfin tàbí ti ìnáwó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ilé ń ṣí ìjókòó àtìgbàdégbà, oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Òfin wo gan-an ló ti ibẹ̀ jáde tó yí ayé obìnrin padà?

Ó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èyí tó mi gbogbo ilé ni òfin ẹbí. Wọ́n dìbò sí i ní 2002, wọ́n fi àyè sílẹ̀ pé kí ọkùnrin yan ìyàwó kan tàbí púpọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin dá a padà lóṣù kejìlá, ó ní bí ọkùnrin bá lè fẹ́ púpọ̀ tí obìnrin kò lè fẹ́ púpọ̀, a jẹ́ pé wọn kò dọ́gba nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni òfin náà jáde: ìgbéyàwó aláyà kan nìkan ni ìjọba mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ń rẹ́rìn-ín báyìí. Òótọ́ ni, lójúlé wa àwọn ìyàwó kò dín kù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú, tí ọ̀rọ̀ ogún dé kóòtù, ẹ lọ bi opó tó ní ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ bóyá òfin náà wúlò.

Ní 2003 wọ́n fòfin de ìdábẹ́ fún ọmọbìnrin. Òfin tó dojú kọ ìwà ipá sí obìnrin jáde ní oṣù kìíní ọdún 2012. Lẹ́yìn náà ni 2021, ọdún tí iná jó gan-an: ní oṣù kẹwàá, wọ́n fẹ ààyè tí obìnrin ní láti ṣẹ́ oyún, títí dé ọ̀sẹ̀ 12, bí oyún náà bá lè kó o sínú ìnira. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tako ó, àríyànjiyàn rẹ̀ wọ inú mọ́ṣáláṣí àti ọjà. Lọ́dún kan náà, wọ́n ṣe òfin tó mú kí fífi ipò halẹ̀ mọ́ ọmọ ilé ìwé tàbí òṣìṣẹ́ obìnrin láti bá a lò pọ̀ di ẹjọ́ ńlá, wọ́n sì tún òfin ẹbí ṣe kí ọmọ lè jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ọdún wọ̀nyẹn. Gbogbo wọn ló ṣáájú ìgbà tí a kọ́kọ́ lo ìjókòó 24 ní 2023. Ilé tó kún fún ọkùnrin ló dìbò fún wọn, àwọn obìnrin díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń tì í láti inú, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin agbẹjọ́rò ń tì í láti ìta. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé iye obìnrin nìkan ló ń mú òfin rere wá, ẹ bi í léèrè nípa 2004. Tó bá sì sọ pé a ò nílò wọn púpọ̀ torí pé díẹ̀ ti ṣe é, ẹ bi í pé ọdún mélòó ni díẹ̀ yẹn fi ṣe é.

Kí ni sípìlíyáà tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ dépíté?

Igbákejì rẹ̀ ni. Tí dépíté bá kú tàbí tó di mínísítà, òun ni yóò jókòó dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti wà nípò yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń dúró de ikú tàbí ìyànsípò ẹlòmíràn.

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe é. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu. Kó kọ́kọ́ wọ ìgbìmọ̀ àdúgbò tàbí ti kọ́múùnù, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu gan-an, níbi tí wọ́n ti mọ ìyá tó bí i. Ibẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ètò ìnáwó. Faransé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣáká, torí Faransé ni wọ́n fi ń jiyàn nínú ilé. Nàgó àti Ègùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣáká pẹ̀lú, torí òun ni wọ́n fi ń tọrọ ìbò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé ló ní èkíní láìní èkejì.

Kó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́, kó sì máa wà ní ìpàdé tí kò dùn: ìpàdé ìṣirò owó, ìpàdé tí wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò to orúkọ. Bí wọ́n bá ní kó máa bójú tó oúnjẹ àti àga, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó má ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Owó? Ó ń gba owó. Àwọn ìyá tó ti pẹ́ nínú òṣèlú níbí ní òwò kí wọ́n tó ní ipò, aṣọ tàbí epo tàbí ilẹ̀, wọn kì í sì fi òwò náà sílẹ̀ nítorí ipò. Ọkọ náà ṣe pàtàkì. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ará ìlú lásán lè wọlé lọ gbọ́ wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjókòó gbogbogbòò kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀, àyàfi tí wọ́n bá dìídì tì í. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, ẹ wọṣọ tó bójú mu, ẹ pa fóònù. Ẹni tó bá jìnnà lè gbọ́ Radio Hémicycle, rédíò ilé aṣòfin fúnra rẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tuntun ní Àjàṣẹ́. Ọmọ Burkina Faso, Francis Kéré, ló ya àwòrán rẹ̀ bí igi ńlá tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ jíròrò. Ní ti àkókò, oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ètò ìnáwó wò, ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ọjà pé kí wọ́n wá. Kí wọ́n wá ní mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹnì kan tó gbọ́ Faransé wà láàárín wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ dépíté wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.